Okùn Tó Re Ìdálẹ̀: Mólò, Báńjò àti Gìtá Jùjú

Bí olùkọ́ bá ní kí á ka àwọn ohun èlò orin Yorùbá, ìlù ni a máa ń kà: dùndún, bàtá, gbẹ̀du, ìgbìn, àgẹ̀rẹ̀. A ó wá fi ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ àti agogo kún un. Ó ṣọ̀wọ́n kí ẹnikẹ́ni nínú wa dárúkọ ohun èlò olókùn. Ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ fi máa ń sọ, bí wọ́n bá gbọ́ gìtá nínú orin jùjú, pé ti òyìnbó nìyẹn. Ìtàn kò sọ bẹ́ẹ̀. Orin bluegrass, folk, blues àti southern rock tí àwọn ará gúúsù Amẹ́ríkà ń kọ bá tiwa tan ju bí a ti rò lọ.

Ẹ jẹ́ kí á bẹ̀rẹ̀ nílé. Àwọn baba wa ní gòjé, tí wọ́n ń fi ọrun kékeré onírun ẹṣin họ. Wọ́n tún ní mólò, tí wọ́n ń fi ìka ta. Ọ̀nà òkè ọya ni àwọn méjèèjì gbà dé ọ̀dọ̀ wa, wọ́n sì di ohun èlò àwọn onísákárà. Gòjé ló gbajúmọ̀ jù lẹ́yìn-ọ̀-rẹyìn, torí òun là ń gbọ́ nínú àwo Yusufu Ọlátúnjí. Mólò ni a gbàgbé.

Ẹni tó bá sì mọ Ìlúà, ní ìjọba ìbílẹ̀ Kájọlà, tàbí tó mọ Ṣakí àti Ìṣẹ́yìn, mọ̀ pé ilẹ̀ ọ̀dàn Òkè-Ògùn kò ṣaláìní ohunkóhun tí a fi ń ṣe irú ohun èlò bẹ́ẹ̀. Igbá wà, igi wà, awọ ewúrẹ́ wà. Bí a bá kan awọ bo ojú igbá tàbí igi tí a gbẹ́ inú rẹ̀, tí a ki ọ̀pá gígùn bọ̀ ọ́, tí a wá fa okùn láti ìdí dé orí, iṣẹ́ ti parí. Bí wọ́n ṣe ń ṣe báńjò nígbà àkọ́kọ́ náà nìyẹn.

Àwọn ẹrú láti Áfíríkà ló gbé ọgbọ́n báńjò dé Amẹ́ríkà. Thomas Jefferson, tó di ààrẹ ibẹ̀, kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀ lórí Virginia ní àwọn ọdún 1780 pé láti Áfíríkà ni wọ́n ti mú un wá. Láti nǹkan bí ọdún 2000 ni Daniel Jatta, ọmọ Gáńbíà, ti ń fi akonting han àwọn onímọ̀ báńjò. Ohun èlò àwọn ẹ̀yà Jola ni akonting. Igbá, awọ àti okùn mẹ́ta ni wọ́n fi ń ṣe é, bí wọ́n sì ṣe ń ta á jọ bí àwọn àgbà ṣe ń ta báńjò gidigidi.

Níbi yìí, ó yẹ kí á ṣọ́ ẹnu. Ó ti mọ́ wa lára láti máa sọ pé Yorùbá ló ni gbogbo nǹkan. Kúbà àti Brazil ni wọ́n kó èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn ènìyàn wa lọ. Díẹ̀ ló dé Amẹ́ríkà. Yorùbá kọ́ ló ni báńjò. Ṣùgbọ́n mólò àti akonting, ẹbí kan náà ni wọ́n.

Kí ló wá ṣẹlẹ̀ sí báńjò lọ́hùn-ún? Ní àwọn ọdún 1830, Joel Sweeney, òyìnbó ará Virginia tó kọ́ ọ lọ́dọ̀ àwọn aláwọ̀ dúdú, ń kun ojú rẹ̀ dúdú, ó ń fi báńjò dá àwọn èrò lára yá. Ní ọdún 1945, Earl Scruggs dara pọ̀ mọ́ ẹgbẹ́ Bill Monroe, ìka mẹ́ta tó fi ń ta báńjò sì di àmì ìdánimọ̀ bluegrass. Monroe fúnra rẹ̀ jẹ́wọ́ pé Arnold Shultz, aláwọ̀ dúdú ará Kentucky, wà lára àwọn tí òun kọ́ orin lọ́dọ̀ wọn. Síbẹ̀, nígbà tó yá, báńjò di ohun tí gbogbo ayé kà sí ti òyìnbó. Ní ọdún 2005 ni àwọn ọ̀dọ́ aláwọ̀ dúdú kan dá ẹgbẹ́ Carolina Chocolate Drops sílẹ̀. Ọ̀dọ̀ Joe Thompson, bàbá arúgbó kan tó ti lé ní ọgọ́rin ọdún ní North Carolina, ni wọ́n lọ kọ́ orin àwọn baba wọn. Wọ́n gba ẹ̀bùn Grammy ní 2011.

Nílé níbí, okùn gba ọ̀nà òkun padà. Àwọn atukọ̀ Kru láti Làìbéríà àti àwọn Sàró wà lára àwọn tó tan gìtá kálẹ̀ ní Èkó. Nígbà tí Túndé King, tí wọ́n bí ní 1910, sọ jùjú di orin tí ìlú mọ̀, báńjò olókùn mẹ́fà ló wà lọ́wọ́ rẹ̀. Parlophone gba orin rẹ̀ sínú àwo ní 1936. Ní òpin àwọn ọdún 1940, gángan wọ inú jùjú, Àyìndé Bàkàrè sì so gìtá tirẹ̀ mọ́ ẹ̀rọ agbóhùnsókè.

Ìbátan mìíràn tún wà, èyí tó kan àwa tí ń kọ́ èdè. Ní nǹkan bí ọdún 1903, W.C. Handy rí aláwọ̀ dúdú kan ní Mississippi tó ń fi ọ̀bẹ yọ̀ lórí okùn gìtá kí ohùn rẹ̀ lè máa sunkún. Duane Allman, ti ẹgbẹ́ Allman Brothers tó bẹ̀rẹ̀ ní 1969, lo ìgò oògùn fún iṣẹ́ kan náà nínú southern rock. Láti erékùṣù Hawaii ni gìtá tí wọ́n ń tẹ́ sílẹ̀ bíi tábìlì, tí wọ́n ń fi irin yọ̀ lórí rẹ̀, ti wá. Àwọn olórin country sọ ọ́ di tiwọn. Démọ́lá Adépọ̀jù ló ta á fún King Sunny Adé nínú àwo Juju Music ti 1982. Òun kan náà ló ta á nínú orin Graceland tí Paul Simon gbé jáde ní 1986, níbi tí àwọn Everly Brothers, àgbà olórin Amẹ́ríkà, ti gbè é.

Kí ló mú un bá jùjú mu tó bẹ́ẹ̀? Ẹ ronú nípa dùndún: bí onílù bá fún ọṣán, ohùn a yọ́ gòkè, bó bá dẹ̀ ẹ́, a yọ́ sọ̀kalẹ̀. Bí a ṣe ń sọ̀rọ̀ nìyẹn. Irin orí okùn náà lè ṣe bẹ́ẹ̀. Ohun èlò tí ohùn rẹ̀ ń yọ́ kì í ṣe àjèjì sí etí Yorùbá, ibi yòówù kí wọ́n ti ṣe é.

Joe Thompson kú ní 2012. Ká ní àwọn ọ̀dọ́ wọ̀nyẹn fi ọdún mẹ́wàá falẹ̀ ni, wọn ì bá má bá a láyé. Nítorí náà, ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ wa tí ẹ ń lọ sí Ìlúà, Òkèihò tàbí Ṣakí fún ìsinmi, ẹ bi àwọn àgbà: ta ló ń ta mólò níbí rí? Igi wo ni wọ́n fi ń gbẹ́ ẹ? Kí ni wọ́n ń pe okùn kọ̀ọ̀kan? Ẹ gba ohùn wọn sílẹ̀ sórí fóònù yín, kí ẹ sì kọ orúkọ wọn mọ́ ọn. A kì í mọ ohun tó sọ nù lára ogún tí a kò kà.