Ọ̀rá Kọ́ Ni Ààbò Awọ: Àtúnṣe sí Àṣìṣe Kan Láàárín Àwọn Oníṣẹ́ Awọ Ìbàdàn

Láti Ọjà'ba títí dé Bẹẹrẹ, láti ẹsẹ̀ òkè Màpó títí wọ Bẹ́yẹrúnká, ọ̀rọ̀ kan wà tó ti di òfin lẹ́nu àwọn tó ń fi awọ ṣe bàtà, báàgì àti bẹ́líìtì nínú ilé: pé awọ tí a kò bá fẹ́ kó bàjẹ́, inú ọ̀rá ni kí a dì í sí, kí a so ẹnu rẹ̀ pinpin, kí a sì tì í sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ọ̀gá ń fi kọ́ ọmọṣẹ́. Ọmọṣẹ́ náà gba fúrídọ́ọ̀mù, ó ń fi kọ́ tirẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà kò tọ̀nà, owó tó sì ń bá a lọ kò kéré. Nínú irú ojú ọjọ́ tí a ní n'Ìbàdàn, ọ̀rá tí a so pinpin gan-an ló ń mú kí awọ tó dára bu.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo awọ fúnra rẹ̀. Awọ ewúrẹ́ tàbí ti màlúù tí wọ́n ti ṣe, tó rọ̀, tó ń dán, kì í gbẹ tán, bó ti wù kó gbẹ tó lọ́wọ́ ẹni. Nínú kílò kan rẹ̀, omi tó fara pamọ́ sáàárín fọ́nrán rẹ̀ sábà máa ń tó gíráàmù 120 sí 180. Omi yìí kì í dúró lójú kan. Bí afẹ́fẹ́ bá ní ọ̀rinrin, awọ a fà á mọ́ra. Bí afẹ́fẹ́ bá gbẹ, awọ a dá omi padà fún un. Nítorí náà, kò dìgbà tí òjò bá pa awọ kó tó bu. Funfun tó ń hù lára rẹ̀ yẹn, ọmọ ìyá olú inú igbó ni. Hóró rẹ̀ ti wà nínú eruku yàrá gbogbo, ó kàn ń dúró de ìgbà tí ọ̀rinrin bá ju nǹkan bí ìpín 65 sí 70 nínú 100 lọ ni. Òjò tó ń rọ̀ n'Ìbàdàn lọ́dún sì máa ń ju mìlímítà 1,200 lọ, láti nǹkan bí oṣù kẹta sí oṣù kẹwàá, tí yóò kàn sinmi díẹ̀ nínú oṣù kẹjọ. Ní kùtùkùtù òwúrọ̀ àsìkò náà, ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ sábà máa ń kọjá ìpín 90.

Wàyí o, ẹ wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú ọ̀rá. Oníṣẹ́ di awọ rẹ̀ nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan nínú oṣù kẹfà. Awọ gbé omi tirẹ̀ wọlé, afẹ́fẹ́ tó dì mọ́ ọn náà gbé tirẹ̀. Lọ́sàn-án ọjọ́ kejì, páànù gbóná, yàrá gbóná, awọ tú omi sílẹ̀ sínú ọ̀rá. Lóru, ilé tutù, omi náà kò ríbi gbà jáde, ó di ẹ̀kán tíntín-tíntín sára ọ̀rá, ó sì kán padà sórí awọ. Bẹ́ẹ̀ ni yóò máa rí lójoojúmọ́. Ẹ na ọwọ́ sínú irú ọ̀rá bẹ́ẹ̀ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan: inú rẹ̀ á tutù mọ́ yín lọ́wọ́, òórùn àkísà tútù á ta jáde, ẹ ó sì rí àmì funfun róbótó-róbótó, àgàgà lójú ibi tí wọ́n ti ṣẹ́ awọ po. Bẹ́ ẹ bá nù ún, funfun á lọ, ṣùgbọ́n àmì dúdú tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀ kì í gba póólíìṣì.

Àwọn kan a máa fèsì pé ọwọ́ àwọn baba wa la ti gba àṣà yìí. Ìtàn kò gbè wọ́n. Ọdún 1933 ni àwọn onímọ̀ ilé-iṣẹ́ ICI ṣèèṣì rí ike tí wọ́n fi ń ṣe ọ̀rá nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ó sì tún pẹ́ lẹ́yìn ìyẹn kó tó kún ìgboro wa. Ìbàdàn tí àwọn jagunjagun Ọ̀yọ́, Ifẹ̀ àti Ìjẹ̀bú tẹ̀ dó ní nǹkan bí 1829 ti lo gàárì ẹṣin, àkọ̀ idà, apó àti apò ẹ̀tù ká ogun mélòó kí ọ̀rá tó dáyé. Àwọn oníṣọ̀nà Ọ̀yọ́ náà ti ń ran làbà Ṣàngó, ìyẹn àpò awọ àwọn oníṣàngó, tipẹ́tipẹ́, tí wọ́n ń fi pòròpòrò ọkà bàbà pa awọ rẹ̀ láró pupa. Níbo ni wọ́n ń fi làbà sí? Ara ògiri ojúbọ ni wọ́n ń so ó kọ́, níbi tí atẹ́gùn ti ń kàn án. Díẹ̀ nínú wọn wà ní mùsíọ́mù ilẹ̀ òkèèrè títí dòní. Ilé alámọ̀ tó pọ̀ nínú Ìbàdàn nígbà náà sì ń ran awọ lọ́wọ́: ògiri rẹ̀ tó nípọn ń fa ọ̀rinrin nígbà tó bá pọ̀, ó ń tú u sílẹ̀ nígbà tó bá dín kù, ọ̀dẹ̀dẹ̀ sì kọjú sí agbo ilé. Yàrá búlọ́ọ̀kù olófèrèsé kan tí ọ̀pọ̀ oníṣẹ́ ń lò lónìí kò lè ṣe bẹ́ẹ̀ fún un.

Lójú tèmi, ọwọ́ ìdì ọjà ni àṣìṣe náà ti wọlé jù. Ojú irin dé Ìbàdàn ní 1901, ó dé Kánò ní 1911, Ṣábó sì bẹ̀rẹ̀ ní 1916 gẹ́gẹ́ bí àdúgbò àwọn Hausa n'Ìbàdàn. Awọ ewúrẹ́ òkè Ọya tí wọ́n fi èso bàgàrúwà ṣe tipa bẹ́ẹ̀ rọrùn láti rí níbí. Òwò náà ti wà ṣáájú o: Heinrich Barth ará Jámánì tó dé Kánò ní 1851 ti kọ̀wé nípa awọ àti bàtà tó ń jáde níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀gbẹlẹ̀ Kánò gùn ju tiwa lọ dáadáa, ẹni tó sì fi ọ̀rá di awọ fún wa, ìrìnàjò ló dì í fún, kí òjò má baà pa á nínú mọ́tò. Àwa la sọ ìdì ìrìnàjò di ilé gbígbé. Gààrí tún dá kún un, torí a mọ̀ pé gààrí tí a so pinpin kì í tètè bàjẹ́. Ṣùgbọ́n a ti yan omi gààrí dànù lórí iná kí a tó dì í. Lẹ́dà oníke pẹ̀lú, òun kì í mu omi bí awọ, nítorí náà ọ̀rá kò fi bẹ́ẹ̀ hàn lára rẹ̀, oníṣẹ́ á sì rò pé bákan náà ni méjèèjì rí.

Ẹni tó jẹ́ pé yàrá kan ṣoṣo ló ní lè tọ́jú awọ rẹ̀ dáadáa. Kó wá igi bébà gígùn tí àwọn aláṣọ fi ń ká aṣọ, kó ká awọ mọ́ ọn, kí ojú tó ń dán wà lóde, kó má ṣe ṣẹ́ ẹ po, nítorí ojú ìṣẹ́po kì í lọ mọ́. Kó fi aṣọ òwú àtijọ́ wé e nítorí eruku. Kó so ó kọ́, tàbí kó tò ó sórí pákó tó ga kúrò nílẹ̀, tó sì fi àyè tó tó ìbú ọwọ́ kan sílẹ̀ sí ògiri, nítorí ògiri búlọ́ọ̀kù a máa fa omi láti ilẹ̀. Oòrùn kò gbọ́dọ̀ pa á. Bí ọyẹ́ bá dé, kó gbé e kúrò lójú fèrèsé, kó sì fi òróró díẹ̀ pa á kó má baà sán.

Irinṣẹ́ ní àyè tirẹ̀ lọ́tọ̀. Bí òòlu bá sùn mọ́jú lórí awọ tó tutù, àwòrán òòlu náà ni ẹ ó bá lórí awọ ní dúdú, kò sì ní í ṣe é fọ̀. Irin ló bá omi èso igi tí wọ́n fi ṣe awọ pàdé. Ọgbọ́n kan náà ni àwọn oníṣẹ́ awọ òkè Ọya ń lò nígbà tí wọ́n bá fi ìdàrọ́ irin pa awọ láró dúdú. Ìṣó, ọ̀bẹ, bọ́kù bẹ́líìtì, ẹ kó gbogbo wọn sínú àpótí tiwọn.

Ohun kan tún wà tó ká mi lára ju awọ lọ. Àwọn tó ń fi ọ̀rá di awọ sábà máa ń ju káńfọ̀ sí i, wọ́n ní kò ní jẹ́ kó bu. Káńfọ̀ lè lé kòkòrò, àmọ́ kò lè mú ọ̀rinrin kúrò. Naphthalene ló sì wà nínú ọ̀pọ̀ èyí tí wọ́n ń tà lórí àtẹ. Láàárín àwa Yorùbá, nǹkan bí ọkùnrin 1 nínú 5 ni èròjà G6PD tó ń dáàbò bo ẹ̀jẹ̀ pupa kò tó lára rẹ̀; Lucio Luzzatto ará Ítálì wà lára àwọn tó ṣèwádìí ọ̀rọ̀ náà ní Yunifásítì Ìbàdàn láti àwọn ọdún 1960. Bí ìkókó tó ní irú ẹ̀jẹ̀ yìí bá ń fa òórùn káńfọ̀ símú, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lè máa fọ́, kí ibà pọ́njú mú un, kó sì dé ọpọlọ rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí àwọn dókítà ọmọdé fi ń kìlọ̀ fún ìyá ọmọ tuntun pé kó má kó káńfọ̀ sáàárín aṣọ ọmọ. Ẹni tó ń ṣiṣẹ́ awọ nínú yàrá tí ọmọ ń sùn, ìkìlọ̀ náà kàn án.

Gọ́ọ̀mù bàtà náà kò gbọ́dọ̀ sùn nínú yàrá yẹn. Oru rẹ̀ wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ, ilẹ̀ ló ń gbà rìn, ó sì lè lọ bá iná sítóòfù níbi tí a kò rò. Ẹ dé e pa, ẹ gbé e síta níbi tí ọwọ́ ọmọdé kò ní tó.

Awọ tó ti bu ńkọ́? Ẹ gbé e jáde kúrò nínú ilé kẹ́ ẹ tó fọwọ́ kàn án, kí hóró rẹ̀ má baà fọ́n sára èyí tó kù. Búrọ́ọ̀ṣì gbígbẹ ni kẹ́ ẹ fi gbọ̀n ọ́n, kẹ́ ẹ wá sá a sí ibòji tí atẹ́gùn wà. Oòrùn gangan á mú kó le gbagidi, blíìṣì á sì jẹ ẹ́ lára.

Ọ̀rá wúlò láti fi gbé awọ kọjá nínú òjò. Bó bá ti délé, iṣẹ́ ọ̀rá parí. Ọ̀gá tó bá ṣì ń ṣiyèméjì, kó gé awọ kan náà sí méjì ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹfà, kó so ọ̀kan pinpin sínú ọ̀rá, kó so èkejì kọ́ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, kó sì pe àwọn ọmọṣẹ́ rẹ̀ jọ ní ìparí oṣù keje nígbà tó bá fẹ́ tú u wò. Ẹ̀yin yòókù, ẹ jọ̀wọ́, ẹ tú awọ yín kúrò nínú ọ̀rá kí òjò tó ń bọ̀ tó bẹ̀rẹ̀.