Nígbà tí Aládàáni Bá Ìjọba Tọ́jú Aláìsàn ní Kwara

Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ dókítà ní Ìlọrin, bí mo bá kọ oògùn mẹ́rin fún aláìsàn, méjì ni agbára rẹ̀ máa ń ká. Náírà wó lẹ́yìn 1986, ọ̀pọ̀ ẹlẹgbẹ́ mi sì gba Saudi lọ. Àwa tó kù ń kọ oògùn tí a mọ̀ pé wọn ò ní rà. Ẹ̀jẹ̀ ríru ló burú jù nínú ọ̀rọ̀ yìí, torí kì í dunni. Ta ni yóò fi owó oúnjẹ ra oògùn ohun tí kò dùn ún?

Lọ́dún 2007, nígbà Gómìnà Bùkọ́lá Sàràkí, Hygeia, ilé iṣẹ́ adójútòfò ìlera aládàáni, bá ìjọba ìpínlẹ̀ wa dòwò pọ̀ láti dá ètò adójútòfò ìlera sílẹ̀ fún ará ìlú. PharmAccess ti ilẹ̀ Netherlands wà nídìí ètò náà, owó ìjọba ilẹ̀ wọn ló sì gbé e ró. Shonga ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀, láàárín àwọn Tápà, níbi tí àwọn àgbẹ̀ òyìnbó láti Zimbabwe ti ń dáko. Lẹ́yìn náà ló dé Afọ̀n. ₦300 lẹnì kan ń san lọ́dún. Ilé ìwòsàn ìjọba wà nínú rẹ̀, ti aládàáni náà wà níbẹ̀, bí Ògo Olúwa ní Bacita.

Lábẹ́ ètò yìí, oògùn wà nílẹ̀. Aláìsàn tí o rí lóṣù yìí tún padà wá lóṣù tó ń bọ̀. Ṣùgbọ́n àwọn tó ń sanwó ń wá tú káàdì wò: ṣé dókítà wọn ìfúnpá? Ṣé oògùn tó bá ìlànà mu ló kọ? Inú bí àwọn àgbà kan lára wa. Èmi fara mọ́ ọn. Ó ti yẹ kí ẹnìkan ti máa bi wá tipẹ́. Ìwádìí kan tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Tanímọ̀la Àkàndé ti Yunifásítì Ìlọrin lọ́wọ́ sí fi hàn pé láàárín 2009 sí 2011, nọ́ńbà òkè nínú ìfúnpá àwọn ẹlẹ́jẹ̀ ríru lágbègbè Afọ̀n fi ohun tó lé ní 10 walẹ̀. Ní Àjàṣẹ́-Ìpo tí ètò náà kò dé, bíi 5 ni.

Adójútòfò tún ní ìnira tirẹ̀ fún dókítà. Lábẹ́ ilé iṣẹ́ mìíràn, lẹ́yìn ìgbà náà, aboyún kan wọlé, ẹsẹ̀ rẹ̀ wú, ìfúnpá rẹ̀ jẹ́ 170 lórí 110. A gbọ́dọ̀ gba kóòdù àṣẹ lọ́wọ́ ilé iṣẹ́ náà kí a tó gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ńlá. Nọ́ọ̀sì ń pè, wọ́n ní kó dúró ná. Mo ní kí wọ́n máa gbé e lọ. Ilé iṣẹ́ náà ò san owó ìtọ́jú yẹn fún wa títí dòní.

Lọ́dún 2016, owó láti òkèèrè dáwọ́ dúró, ètò ti Hygeia sì dúró. Bẹ́ẹ̀, oògùn tí dókítà ti kọ fún àwọn ẹlẹ́jẹ̀ ríru wọ̀nyẹn, títí ayé ni wọ́n ní láti máa lò ó. Ìpínlẹ̀ Kwara ti dá àjọ adójútòfò tirẹ̀ sílẹ̀ báyìí, inú mi sì dùn sí i. Ohun tí mo ń bi gbogbo ẹni tó bá wá bá mi sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀ ni pé: ta ni yóò san owó oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru bí gómìnà bá yí padà?