Ààbọ̀ Ọ̀rọ̀ Kò Tó fún Ẹ̀rọ: Ìtàn Ìlànà fún Aṣojú, láti Ìgbà Ìlàrí dé Ìgbà Kọ̀ǹpútà

Ìfáàrà

Àwọn àgbà a máa sọ pé ààbọ̀ ọ̀rọ̀ ni à ń sọ fún ọmọlúwàbí; bí ó bá dé inú rẹ̀, a di odindi. Ẹni tí ó pa òwe yìí ti gbà pé ẹni tí a ń bá sọ̀rọ̀ mọ àṣà, ó mọ ìtìjú, ó sì lè fi làákàyè ara rẹ̀ parí ohun tí a kò sọ. Lóde òní, a ti ń rán ẹni tí kò ní irú làákàyè bẹ́ẹ̀ níṣẹ́. Ilé iṣẹ́ tí ó ní ọ̀pọ̀lọpọ̀ kọ̀ǹpútà àti ẹ̀rọ ìtẹ̀wé a máa ní ètò kan lórí kọ̀ǹpútà tí ó ń tọ́jú àkọsílẹ̀ wọn: èwo ni a ní, ọwọ́ ta ni ó wà, ibo ni a gbé e sí. Ènìyàn ni ó ń ka irú àkọsílẹ̀ bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀. Nísinsìnyí, ẹ̀rọ tí ó ní òye àtọwọ́dá, tí n ó máa pè ní ẹ̀rọ aṣojú, lè wọ inú rẹ̀, kí ó kà á, kí ó sì yí i padà ní orúkọ ẹni tí ó rán an. Ohun tí mo fẹ́ fi hàn ni pé ìṣòro kíkọ ìlànà fún aṣojú kì í ṣe tuntun nínú ìtàn wa.

Àrokò, ìlàrí àti ajẹ́lẹ̀

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti orí àrokò. Ẹyọ owó mẹ́fà tí a sín pọ̀ kì í ṣe owó lásán. Ẹ̀fà ni, ó ń sọ pé ọkàn ẹni tí ó fi í ránṣẹ́ fà mọ́ ẹni tí a fi í ránṣẹ́ sí. Ẹni tí kò gbọ́ èdè Yorùbá lè ka owó náà kí ó pé, síbẹ̀ kí ó má mọ ohun tí ó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ̀kọ́ kìíní nìyí: iye tí a kà kò lè sọ ìtumọ̀ ara rẹ̀.

Ní Ọ̀yọ́, àwọn ìlàrí ni ìránṣẹ́ Aláàfin. Samuel Johnson, tí ó parí ìwé ìtàn rẹ̀ ní 1897 ṣùgbọ́n tí a kò tẹ̀ ẹ́ jáde títí di 1921, ṣàlàyé pé orúkọ tí ìlàrí kọ̀ọ̀kan ń jẹ́ a máa fi èrò tàbí àṣẹ ọba hàn. Bí a bá rán Ọbakòṣetán sí ìlú kan, ará ìlú náà mọ̀ pé ọba kò tíì ṣe tán. Orúkọ ìránṣẹ́ ni ìwé àṣẹ rẹ̀. Gbogbo ènìyàn ni ó sì lè ka ìwé náà.

Ti àwọn ajẹ́lẹ̀ kò rí bẹ́ẹ̀. Ìbàdàn fi wọ́n sí àwọn ìlú Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà láti máa ṣojú rẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí ààlà kan tí ará ìlú lè tọ́ka sí pé ibi báyìí ni agbára ajẹ́lẹ̀ parí sí. Àwọn ajẹ́lẹ̀ àti àwọn ọmọ ẹ̀yìn wọn fi ipá gba ohun ìní, wọ́n sì hùwà àìdáa sí àwọn ènìyàn. Ní 1878, Fábùnmi dìde ní Òkè-Ìmẹ̀sí, a pa ajẹ́lẹ̀ ibẹ̀, Èkìtìparapọ̀ sì gbára jọ fún ogun Kírìjì. A ṣe àdéhùn àlàáfíà ní 1886, ṣùgbọ́n àwọn ọmọ ogun kò tú ká títí di 1893. Ẹ̀kọ́ kejì nìyí: aṣojú tí a kò pààlà fún a máa kó ẹni tí ó rán an sí wàhálà.

Orúkọ kan, ohun méjì

Àpẹẹrẹ kan tí ó súnmọ́ ìgbà tiwa wà ní Alímọ̀ṣọ́. Ní 2003, ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó pín ìjọba ìbílẹ̀ náà sí mẹ́fà. Ìkòtún àti Ìgándò bọ́ sí abẹ́ ìgbìmọ̀ tiwọn, ṣùgbọ́n ọ̀kan nínú àwọn mẹ́fà ọ̀hún ṣì ń jẹ́ Alímọ̀ṣọ́. Ní Oṣù Kejìlá 2004, ilé ẹjọ́ tí ó ga jù lọ sọ pé òfin Èkó tọ̀nà, ṣùgbọ́n pé kò lè fìdí múlẹ̀ títí ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin àpapọ̀ yóò fi ṣe ìpín tirẹ̀. Nítorí náà, lójú ìwé òfin ilẹ̀ wa ti 1999, Ìgándò wà ní Alímọ̀ṣọ́. Lójú ètò Èkó, ìgbìmọ̀ tirẹ̀ wà lọ́tọ̀.

Nínú ìkànìyàn 2006, àjọ ìjọba àpapọ̀ ka ènìyàn 1,277,714 ní Alímọ̀ṣọ́. Ìjọba Èkó ka 2,047,026. Ẹni tí ó gbé lágbègbè náà mọ̀ pé àríyànjiyàn wà. Ẹ̀rọ aṣojú kò mọ̀, bí a kò bá kọ ọ́ sílẹ̀ fún un ẹni tí ó kà, ìgbà tí ó kà, àti Alímọ̀ṣọ́ tí ó ń sọ.

Ìwé ìlànà kọ̀ǹpútà

Ní Oṣù Kọkànlá 1971, Ken Thompson àti Dennis Ritchie, ní Bell Labs ní Amẹ́ríkà, kọ ìwé ìlànà Unix kìíní. Lójú ìwé ètò kọ̀ọ̀kan, wọ́n kọ bí a ti ń pè é àti ohun tí ó ń ṣe. Ní ìsàlẹ̀, wọ́n a máa fi àyè sílẹ̀ fún àléébù tí a ti mọ̀ àti orúkọ ẹni tí ó ni ètò náà. Àwọn òǹkàwé wọn jẹ́ onímọ̀, síbẹ̀ wọn kò fi ààbọ̀ ọ̀rọ̀ sílẹ̀ fún wọn.

Ní Oṣù Kọkànlá 2024, ilé iṣẹ́ Anthropic gbé Model Context Protocol jáde, èyí tí ètò orí kọ̀ǹpútà fi lè ṣàlàyé iṣẹ́ rẹ̀ fún ẹ̀rọ olóye. Àlàyé tí a kọ sí ẹ̀gbẹ́ iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ni ẹ̀rọ náà ń kà kí ó tó yan èyí tí yóò ṣe. Kò sí ọ̀gá nítòsí tí yóò bi léèrè.

Ẹ wo Snipe-IT, ètò ọ̀fẹ́ tí Alison Gianotto dá sílẹ̀ fún àkọsílẹ̀ ohun ìní. Nínú rẹ̀, kọ̀ǹpútà tí ó dára a máa wà ní ipò "èyí tí ó ṣeé fún ènìyàn lò". Bí a bá ti fún òṣìṣẹ́ kan, ipò yìí kì í yí padà; orúkọ ẹni tí ó gbà á ni a ń fi kún un. Ẹ jẹ́ kí a fojú inú wo ọ́fíìsì kan ní Ẹgbẹ́dá tí ó ní 40 kọ̀ǹpútà, tí 35 sì wà lọ́wọ́ òṣìṣẹ́. Ẹ̀rọ aṣojú tí ó ka ipò nìkan yóò jíṣẹ́ pé 40 wà ní yàrá ìkẹ́rùsí. Kò purọ́, ẹyọ owó mẹ́fà ni ó kà, kò mọ̀ pé ẹ̀fà ni.

Àgbálọgbábọ̀

Àwọn kan yóò sọ pé ẹ̀rọ ń gbọ́n sí i lójoojúmọ́, pé yóò parí ààbọ̀ ọ̀rọ̀ fúnra rẹ̀. Ibẹ̀ gan-an ni ewu wà. Ọmọlúwàbí tí kò dá lójú yóò padà wá béèrè. Ẹ̀rọ lè fi àbá dí àyè tí ó ṣófo, kí ó sì sọ ọ́ bí ẹni tí ó rí i.

Nítorí náà, ìwé ìlànà tí a bá kọ fún un gbọ́dọ̀ sọ ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan, orísun iye kọ̀ọ̀kan, àléébù tí a ti mọ̀, ohun tí ó lè ṣe láìbéèrè, àti ẹni tí yóò bi kí ó tó pa ohunkóhun rẹ́. Ìwé nìkan kò sì tó. Nínú Snipe-IT, kọ́kọ́rọ́ tí ẹ̀rọ fi ń wọlé a máa gbé agbára ẹni tí ó gba kọ́kọ́rọ́ náà. Ọ̀gá tí ó bá gbé kọ́kọ́rọ́ ara rẹ̀ fún ẹ̀rọ ti yan ajẹ́lẹ̀. Èyí tí ó bá fún un ní kọ́kọ́rọ́ tí ó mọ níwọ̀n iṣẹ́ tí ó rán an, tí ó sì kọ iṣẹ́ náà ní odindi, ìlàrí ni ó rán.