Kì í ṣe Sásófóònù ni Fẹlá Fi Bẹ̀rẹ̀

Bí ayàwòrán bá fẹ́ fi yíǹkì ya Fẹlá Aníkúlápó-Kútì, ó ti mọ ohun tí yóò yà kó tó ṣí ìgò yíǹkì rẹ̀: ọkùnrin tó bọ́ ẹ̀wù sílẹ̀, ẹfun lójú, sásófóònù lọ́rùn. Irú àwòrán bẹ́ẹ̀ pọ̀ ní Èkó, lára ògiri, lára ẹ̀wù, lára páálí tí wọ́n ń tà létí títì. Ní Festac Town àti Amúwò-Ọ̀dọ̀fin, àwọn mìíràn a tún so ó mọ́ orúkọ àdúgbò, wọn a ní àjọ̀dún 1977 ni Fẹlá ti gbé fèrè yẹn jáde fún gbogbo aláwọ̀ dúdú àgbáyé. Àṣìṣe méjì ló wà níbẹ̀. Ọ̀kan kò gba àlàyé púpọ̀. Èkejì ló ti ba ìtàn orin rẹ̀ jẹ́.

Fẹlá kò ṣeré ní FESTAC '77, àjọ̀dún àṣà àwọn aláwọ̀ dúdú tí ìjọba Nàìjíríà ṣe. Wọ́n fà á mọ́ ìgbìmọ̀ tó ń ṣètò rẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó bínú jáde. Nígbà tí àjọ̀dún náà ń lọ lọ́wọ́, láti 15 January sí 12 February, Shrine, ilé ijó tirẹ̀ ní Ìdí-Òró, ló ti ń kọrin, àwọn àlejò sì ń wá a lọ síbẹ̀: Stevie Wonder lọ, Gilberto Gil ọmọ Brazil náà lọ. Ní 18 February, ọjọ́ mẹ́fà péré lẹ́yìn tí ayẹyẹ parí, àwọn sójà dáná sun Kalakuta, ilé Fẹlá. Ẹni tó bá fi Fẹlá sórí pèpéle ìjọba ní oṣù yẹn ti pa gbogbo ìjà òun àti ìjọba rẹ́.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ fèrè ọrùn rẹ̀.

Tùrọ́ńpẹ́ẹ̀tì ni Fẹlá kọ́. Kó tó kúrò ní Nàìjíríà ló ti ń bá ẹgbẹ́ Cool Cats ti Victor Ọláìyá kọrin, tùrọ́ńpẹ́ẹ̀tì náà sì ni iṣẹ́ Ọláìyá. Nígbà tó dé London lọ́dún 1958, tí àwọn ará ilé rò pé ìmọ̀ ìṣègùn ni yóò kọ́, Trinity College of Music ló gbà lọ. Ibẹ̀ lòun àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ti dá Koola Lobitos sílẹ̀. Ó padà sílé lọ́dún 1963, ó gbaṣẹ́ nílé iṣẹ́ rédíò ìjọba, ó sì kó àwọn olórin mẹ́rin mọ́ra pé kí àwọn máa ṣe jáàsì pọ́ńbélé. Èkó kò dá wọn lóhùn. Ẹni tó wọ ilé ijó lálẹ́ Sátidé, ijó ló bá wá. Orin yìí ń ní kó jókòó kó tẹ́tí. Fẹlá bá yí i padà: háíláìfù nísàlẹ̀, kí ẹsẹ̀ lè rí nǹkan dì mú, jáàsì lókè, kí tùrọ́ńpẹ́ẹ̀tì lè ráyè sọ tẹnu rẹ̀. “Highlife jazz” ni wọ́n ń pè é. Lọ́dún 1964 ló rí Tony Allen, ọmọ Èkó tó ti fi rẹ́kọ́ọ̀dù kọ́ ìlù Art Blakey, tó sì ti inú ìwé ìròyìn kọ́ bí Max Roach ṣe ń fi ẹsẹ̀ pa àwo idẹ méjì pọ̀. Lójú tèmi, orí ìlù yìí ni àdàpọ̀ náà jókòó lé, kì í ṣe orí fèrè kankan.

Ta ló wá ń fun sásófóònù? Igo Chico ni. Ohùn sásófóònù tenor inú Shakara àti Lady, tí wọ́n ṣe lọ́dún 1972, tí ọ̀pọ̀ èèyàn ń yin Fẹlá sí, ti Chico ni. Lọ́dún 1973 ni Chico fi ẹgbẹ́ sílẹ̀. Fẹlá ní kò sí ìyọnu, òun fúnra òun yóò máa fun ún, ó sì ṣe bẹ́ẹ̀ nínú Gentleman lọ́dún yẹn kan náà. Ó ti tó ọmọ ọdún 34 nígbà náà. Ẹ fetí sí ìbẹ̀rẹ̀ orin náà dáadáa: kò sáré, kò ṣe àrà ọwọ́, gbólóhùn kúkúrú-kúkúrú ni, ó ń dánu dúró láàárín wọn bí ẹni tó ń wo ojú àwùjọ kó tó sọ èyí tó kàn. Kò mọ̀ ọ́n fun tó Chico. N kò rò pé ìyẹn ló ń lé.

N kò dá àwọn ayàwòrán lẹ́bi púpọ̀. Tùrọ́ńpẹ́ẹ̀tì kì í rọ̀ lọ́rùn. Ẹnu ló ń wà, ó ń bo ètè, ó ń wú ẹ̀rẹ̀kẹ́, ó sì ń nà gbọọrọ jáde kúrò nínú bébà. Sásófóònù fi ojú sílẹ̀ fún ayàwòrán, ó tún fún un ní ìtẹ̀kọrọ àti bọ́tìnnì wẹ́wẹ́ tí dúdú àti funfun yíǹkì lè fi dárà. Bẹ́ẹ̀ ni Lemi Ghariokwu, tí páálí àwo orin tó yà fún Fẹlá ti di àwòkọ́ṣe fún gbogbo ayé, ọdún 1974 ló bẹ̀rẹ̀, pẹ̀lú Alagbon Close, nígbà tí kò tíì pé ọmọ ogún ọdún. Fẹlá tí òun bá ló yà. Àmọ́ ẹni tó bá fẹ́ ya Fẹlá ọdún 1965, kóòtù ni kó wọ̀ fún un, Ransome-Kuti ni kó sì kọ sábẹ́ rẹ̀, torí Aníkúlápó kò tíì dé.

Ohun tí àṣìṣe yìí bà jẹ́ jù ni ìtàn 1969. Wọ́n á ní Fẹlá lọ sí Amẹ́ríkà, ó bá jáàsì níbẹ̀, ó gbé sásófóònù, ó délé, Afrobeat délẹ̀. Rárá o. Nígbà tó fi máa wọ ọkọ̀ òfúrufú, ó ti ń da jáàsì pọ̀ mọ́ háíláìfù fún ọdún bíi márùn-ún, ó sì ti ń pe orin rẹ̀ ní Afrobeat láti 1968. Ohun tí Sandra Smith, obìnrin ará Amẹ́ríkà kan, fún un ní Los Angeles ni ìtàn ayé Malcolm X àti ojú tí yóò fi máa wo ìṣèlú. Soul àwọn James Brown pàápàá, Geraldo Pino ọmọ Sierra Leone ti gbé e wá ká wọn mọ́ Èkó ṣáájú. Jáàsì Fẹlá gba London wá, soul gba Freetown, háíláìfù sì ti wà nílẹ̀. Ẹni tó bá to gbogbo rẹ̀ sí ẹsẹ̀ Amẹ́ríkà ti fo ibi tí iṣẹ́ wà.

Lọ́dún 1977, lẹ́yìn tí Kalakuta ti jóná, Lester Bowie tó ń fun tùrọ́ńpẹ́ẹ̀tì nínú Art Ensemble of Chicago dé Èkó, ó wá Fẹlá rí, ó sì bá Africa 70, ẹgbẹ́ Fẹlá, ṣe No Agreement. Nínú àwo yẹn, àlejò ará Amẹ́ríkà ló ń fun irú fèrè tí Fẹlá kọ́ níléèwé, Fẹlá ń fun èyí tí Chico fi sílẹ̀, Tony Allen ló sì ń lùlù fún àwọn méjèèjì.