Kí A Tó Wọ Ilé-Ẹ̀kọ́ Nọ́ọ̀sì: Ìtàn Ìmúrasílẹ̀ ní Dàhòmì àti Ohun tí Ó Kù fún Wa

Bí a bá dárúkọ ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì, ohun tí ó máa ń kọ́kọ́ wá sí ọkàn ni abẹ́rẹ́, oògùn, aṣọ funfun àti ibùsùn aláìsàn. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá wo ìtàn ẹ̀kọ́ yìí ní ilẹ̀ wa, láti Àjàṣẹ́ dé Kétu àti Ṣábẹ̀, yóò rí i pé abẹ́rẹ́ kọ́ ni ó ń pinnu ẹni tí yóò wọlé. Èdè ni. Nínú àpilẹ̀kọ yìí, a ó tọ ipasẹ̀ ìmúrasílẹ̀ fún iṣẹ́ nọ́ọ̀sì àti agbẹ̀bí láti ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún. Kókó tí a fẹ́ fi hàn ni pé ilé-ìwé ìjọba Faransé kọ́ àwọn ọmọ wa láti múra de ìdánwò, ṣùgbọ́n kò kọ́ wọn láti múra de aláìsàn tí ó ń sọ Yorùbá. Àlàfo náà kò tíì dí, àwa tí a wà nínú ẹ̀ka ẹ̀kọ́ èdè sì ní ipa tiwa láti kó nínú dídí i.

1. Ẹ̀kọ́ ojú iṣẹ́

Ìtọ́jú aláìsàn ti wà kí òyìnbó tó dé. Ìyá agbẹ̀bí kọ́ iṣẹ́ lọ́dọ̀ àgbà obìnrin tí ó ti ń gbẹ̀bí ṣáájú rẹ̀. Oníṣègùn gba ọmọ-iṣẹ́ sọ́dọ̀. Ẹni tí ó bá fẹ́ kọ́ iṣẹ́ yóò máa gbé pẹ̀lú ọ̀gá, yóò máa já ewé, yóò máa gun àgbo, yóò sì máa gbọ́ bí ọ̀gá ṣe ń bi aláìsàn léèrè ọ̀rọ̀. Èdè tí ọ̀gá fi ń kọ́ni ni èdè tí aláìsàn fi ń ké ìrora. Kò sí ẹni tí ó ní láti ṣe ògbufọ̀ láàrin wọn.

Ní ọdún 1905, ìjọba Faransé dá ètò ìlera kan sílẹ̀ fún àwọn ọmọ ilẹ̀ ní gbogbo ìwọ̀ oòrùn Áfíríkà tí ó wà lábẹ́ rẹ̀, wọ́n pè é ní Assistance médicale indigène. Dókítà kò pọ̀, àwọn tí ó wà kò sì gbọ́ èdè ìlú. Wọ́n nílò ẹni tí yóò fọ egbò, tí yóò di ọgbẹ́, tí yóò dúró tì wọ́n nígbà tí wọ́n bá ń gún àwọn ènìyàn ní abẹ́rẹ́ àjẹsára, tí yóò sì sọ ohun tí aláìsàn wí. Àwọn wọ̀nyí ni wọ́n pè ní infirmier. Ojú iṣẹ́ ni wọ́n ti kọ́ iṣẹ́, lọ́dọ̀ dókítà, ní ilé ìwòsàn tàbí ní ilé oògùn.

Ohun tí ó gbé irú ẹni bẹ́ẹ̀ wọlé ni pé ó gbọ́ Faransé díẹ̀. Nítorí náà, láti ìbẹ̀rẹ̀ pàá, iṣẹ́ méjì ni ọwọ́ kan ń ṣe: ọwọ́ tí ó ń di ọgbẹ́ ni ó tún ń gbé ọ̀rọ̀ láti ẹnu aláìsàn lọ sí etí dókítà. A kọ iṣẹ́ àkọ́kọ́ sínú ìwé, a sì fún un ní orúkọ. Ẹnikẹ́ni kò ka ògbufọ̀ sí iṣẹ́ tí a ní láti kọ́.

2. Ọ̀nà Dakar

Ní ọdún 1918, wọ́n dá ilé-ẹ̀kọ́ ìṣègùn sílẹ̀ ní Dakar fún gbogbo àwọn ilẹ̀ Faransé ní ìwọ̀ oòrùn Áfíríkà. Aristide Le Dantec ni olórí rẹ̀ àkọ́kọ́. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń kọ́ àwọn ọmọ Áfíríkà láti di dókítà àti agbẹ̀bí. Lẹ́yìn náà, wọ́n fi àwọn nọ́ọ̀sì obìnrin tí ń bẹ ilé àwọn ènìyàn wò kún un. Ọdún mẹ́ta ni agbẹ̀bí ń lò níbẹ̀. Bí wọ́n bá jáde tán, orúkọ oyè wọn ní ọ̀rọ̀ auxiliaire lẹ́yìn, ìyẹn ni pé olùrànlọ́wọ́ ni wọ́n kà wọ́n sí, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé nínú ọ̀pọ̀ ìlú, àwọn nìkan ni wọ́n wà níbẹ̀ láti tọ́jú ènìyàn.

Báwo ni ọmọ Dàhòmì ṣe ń dé Dakar? Ọ̀nà náà jìn kí ó tó wọ ọkọ̀ ojú omi rárá. Ọmọkùnrin yóò bẹ̀rẹ̀ ní ilé-ìwé abúlé, yóò gba ilé-ìwé ẹkùn, lẹ́yìn náà yóò wọ Victor Ballot ní Àjàṣẹ́, tí a mọ̀ lónìí sí Lycée Béhanzin. Ẹni tí ó bá tayọ níbẹ̀ lè lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ William Ponty ní ilẹ̀ Sẹ́nẹ́gàl. Láti Ponty ni àwọn kan ti ń di olùkọ́, tí àwọn mìíràn ń di akọ̀wé ìjọba, tí àwọn kan sì ń lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ ìṣègùn. Ìdánwò wà ní ẹnu ọ̀nà kọ̀ọ̀kan. Ohun tí ìdánwò sì ń wò ju ohun gbogbo lọ ni Faransé: kíkà rẹ̀, kíkọ rẹ̀ láìsí àṣìṣe, àti ìṣirò tí a fi Faransé gbé kalẹ̀.

Ti ọmọbìnrin le jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ilé-ìwé tí ó gbà wọ́n kò pọ̀, èyí tí ó sì wà wọ́pọ̀ ní ìlú etí òkun ju ìlú inú ilẹ̀ lọ. Ọdún 1938 ni ilé-ẹ̀kọ́ olùkọ́ obìnrin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní Rufisque, nítòsí Dakar, lábẹ́ Germaine Le Goff. Èyí túmọ̀ sí pé fún ogún ọdún gbáko, àwọn ọmọbìnrin tí wọ́n lọ kọ́ iṣẹ́ agbẹ̀bí lọ láìní irú ilé-ẹ̀kọ́ ìgbaradì tí àwọn arákùnrin wọn ní ní Ponty. Kò yani lẹ́nu pé ìdílé tí ó ti mọ ìwé tipẹ́ ni ó rọrùn fún láti rán ọmọbìnrin lọ: ilé àwọn Àgùdà tí wọ́n padà wá láti Bràsíìlì, ilé àwọn oníṣòwò Àjàṣẹ́ àti Ouidah, ilé àwọn tí ìjọ Kátólíìkì tàbí Mẹ́tọ́díìsì ti kọ́. Ọmọ àgbẹ̀ Kétu tí ó ní ọwọ́ rere àti sùúrù, tí ó ti ń bá ìyá rẹ̀ gbẹ̀bí láti kékeré, kò ní ohun tí ìdánwò ń wá.

Ẹ jẹ́ kí a fi ojú sí àṣẹ ọdún 1924 lórí ètò ẹ̀kọ́. Ó sọ pé Faransé nìkan ni a ó máa lò ní ilé-ìwé, ó sì ka èdè ìlú léèwọ̀ láàrin olùkọ́ àti akẹ́kọ̀ọ́. Àwọn àgbà tí wọ́n lọ sí ilé-ìwé nígbà náà mọ ohun tí wọ́n ń pè ní symbole, ohun ẹ̀sín tí wọ́n ń fi kọ́ ọmọ tí ó bá sọ èdè ilé rẹ̀ lọ́rùn. Irú ilé-ìwé bẹ́ẹ̀ ni ó tọ́ nọ́ọ̀sì wa dàgbà. Kí ó tó di ẹni tí ó ń tọ́jú àwọn ènìyàn rẹ̀, ó ti lo ọdún púpọ̀ níbi tí èdè wọn ti jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀.

3. Ní òdìkejì ààlà

Àdéhùn ọdún 1889 láàrin Faransé àti Gẹ̀ẹ́sì fi ààlà gé ilẹ̀ wa sí méjì. Ní apá Nàìjíríà, Gẹ̀ẹ́sì ni ìlẹ̀kùn iṣẹ́ nọ́ọ̀sì, ìlẹ̀kùn náà kò sì fẹ̀. Kofoworola Abeni Pratt jẹ́ àpẹẹrẹ rere. Ó ti kàwé ní ilé-ìwé àwọn ọmọbìnrin ti CMS ní Èkó, ó sì ti ṣe iṣẹ́ olùkọ́, kí ó tó wọ ilé-ẹ̀kọ́ Nightingale ní ilé ìwòsàn St Thomas' ní Lọ́ńdọ̀nù ní ọdún 1946. Nígbà tí ó yá, òun ni ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tí ó di olórí nọ́ọ̀sì ní UCH, Ìbàdàn. Ìwé tí ó ti kà àti iṣẹ́ olùkọ́ tí ó ti ṣe wà lára ìmúrasílẹ̀ rẹ̀.

Ìyàtọ̀ kan wà, síbẹ̀síbẹ̀. Ní apá ibẹ̀, a ti ń tẹ ìwé ní Yorùbá láti ọ̀rúndún kọkàndínlógún. Ìwé Ìròyìn bẹ̀rẹ̀ ní Abẹ́òkúta ní ọdún 1859, odidi Bíbélì sì jáde ní ọdún 1884. Ọmọ ilé-ìwé ṣọ́ọ̀ṣì kọ́ láti ka èdè rẹ̀ kí ó tó ka Gẹ̀ẹ́sì. Nítorí náà, nọ́ọ̀sì tí ó bá fẹ́ kọ ìlànà oògùn sílẹ̀ fún ìyá ọmọ ní Yorùbá ní ohun tí ó lè fi kọ ọ́. Ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Kétu ń sọ èdè kan náà, ṣùgbọ́n ilé-ìwé rẹ̀ kò kọ́ ọ bí a ti ń kọ ọ́.

4. Ohun tí ó yí padà àti ohun tí kò yí padà

Dàhòmì gba òmìnira ní ọdún 1960, ó sì di Bẹ̀nẹ̀ ní ọdún 1975. Kò pọn dandan mọ́ láti wọ ọkọ̀ lọ sí Dakar. A ń kọ́ nọ́ọ̀sì àti agbẹ̀bí ní Kùtọnu àti ní Parakou. Èdè ìdánwò kò yí padà. Àkẹ́kọ̀ọ́ tí ó ń múra ṣì ń múra ní Faransé: orúkọ egungun, iṣẹ́ ọkàn àti kíndìnrín, ìmọ́tótó, ìṣirò oògùn. Kò sí àléébù nínú ìyẹn fúnra rẹ̀. Faransé ni a fi kọ ìwé tí ó ní láti kà, òun náà ni dókítà fi ń kọ àṣẹ. Àléébù ibẹ̀ ni pé a rò pé ìyẹn ti tó.

Ẹ wo àpẹẹrẹ mẹ́ta tí akẹ́kọ̀ọ́ èdè yóò tètè dá mọ̀. Àkọ́kọ́: bí ìyá àgbà bá sọ pé "ọwọ́ ń dùn mí," ọ̀rọ̀ kan yìí bẹ̀rẹ̀ láti èjìká títí dé ọmọ ìka. Faransé pín in sí bras àti main. Bákan náà ni ẹsẹ̀ jẹ́ jambe àti pied. Nọ́ọ̀sì tí ó bá kọ main sílẹ̀ láìbéèrè ti yan ibi tí aláìsàn kò yàn. Yorùbá kò ṣaláìní ọ̀rọ̀: apá wà, ìgúnpá wà, ọrùn ọwọ́ wà, àtẹ́lẹwọ́ wà. Ìbéèrè ni ó sọnù.

Èkejì: "àyà ń dùn mí." Ẹni tí ó bá ń túmọ̀ ọ̀rọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan lè kọ mal au cœur. Ṣùgbọ́n ohun tí dókítà Faransé gbọ́ nínú ìyẹn ni pé èébì ń gbé aláìsàn. Àyà dídùn lè jẹ́ àmì àìsàn ọkàn tí kò gbọdọ̀ dúró di ọ̀la. Èébì lásán lè dúró. Ẹ̀mí ènìyàn lè wà láàrin ìtumọ̀ méjèèjì.

Ẹ̀kẹta: kíka ọjọ́. Yorùbá máa ń ka ọjọ́ tí a wà nínú rẹ̀ mọ́ iye ọjọ́. "Ọjọ́ kẹjọ òní" jẹ́ ọ̀sẹ̀ kan gééré, Faransé náà sì ń sọ dans huit jours fún un, nítorí náà ibẹ̀ kò léwu. Ṣùgbọ́n ọjà ọrọọrún, tí a ń ka àrún fún, ọjọ́ mẹ́rin ni Faransé yóò kà sí àárín rẹ̀. Bí ìwé bá ní kí a gún abẹ́rẹ́ tous les cinq jours, tí nọ́ọ̀sì sì sọ pé "ọrọọrún ni kí ẹ máa wá," aláìsàn yóò máa dé ní ọjọ́ kan ṣáájú àkókò. Kò ṣe àìgbọràn. Ó ka ọjọ́ bí èdè rẹ̀ ti kọ́ ọ.

5. Ìmúrasílẹ̀ tí ó pé

Látinú ìtàn yìí, a lè sọ pé ẹni tí ó fẹ́ yege nínú ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì lónìí ní ohun mẹ́ta láti múra sí. Èkíní ni ìwé kíkà: kí ó máa ka Faransé ìmọ̀ ìṣègùn díẹ̀díẹ̀ lójoojúmọ́ kí ẹ̀kọ́ tó bẹ̀rẹ̀, kí ó má ṣe dúró di alẹ́ ìdánwò. Èkejì ni ìṣirò. Bí oògùn olómi bá ní 125 mg nínú 5 ml, tí dókítà sì kọ 200 mg, ó yẹ kí ó lè sọ pé 8 ml ni, kí ó sì mọ ọ̀nà tí ó gbà dé ibẹ̀. Àwọn méjèèjì yìí ni ìdánwò ń béèrè láti ìgbà Dakar.

Ẹ̀kẹta ni èyí tí ìdánwò kò béèrè rí: kí ó mọ bí a ti ń bi aláìsàn léèrè ọ̀rọ̀ ní èdè aláìsàn. Abèèrè kì í ṣìnà. Kí ó lọ jókòó ti àwọn ìyá agbẹ̀bí àti àwọn àgbà, kí ó kọ ohun tí wọ́n ń sọ sílẹ̀: bí wọ́n ti ń ṣàpèjúwe òyì, gìrì, ìgbẹ́ gbuuru, ara gbígbóná, ohun tí wọ́n ń fi ọgbọ́n sọ nítorí ìtìjú, ohun tí obìnrin kì í sọ níwájú ọkùnrin. Kí ó mọ̀ pẹ̀lú pé ohùn Kétu kì í ṣe ohùn Ṣábẹ̀, àti pé ti àwọn Ifẹ̀ ní Atakpamé tún yàtọ̀ sí méjèèjì.

Ibí ni iṣẹ́ àwa onímọ̀ èdè ti bẹ̀rẹ̀. Àkẹ́kọ̀ọ́ tí ó ń wá ohun tí yóò fi kọ àpilẹ̀kọ ìparí ẹ̀kọ́ rẹ̀ lè gba orúkọ ẹ̀yà ara ní ìlú kan, tàbí ọ̀rọ̀ ìrora, tàbí kíka àkókò, kí ó ṣe àkójọ rẹ̀ pẹ̀lú àmì ohùn, kí ó sì fi í hàn fún àwọn nọ́ọ̀sì tí wọ́n wà lẹ́nu iṣẹ́ láti ṣàtúnṣe rẹ̀. Irú àkójọ bẹ́ẹ̀ kò ní ju ojú ìwé mélòó kan lọ. Àwọn infirmier àkọ́kọ́ ń ṣe iṣẹ́ ògbufọ̀ láìsí ẹni tí ó kọ́ wọn. Ó ti lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún báyìí. Kò yẹ kí a tún rán àwọn arọ́pò wọn sí ẹ̀gbẹ́ ibùsùn aláìsàn ní ọwọ́ òfo.