Ìyọ̀ǹda àyẹ̀wò èéfín fún ọkọ̀ tí kì í rìn púpọ̀

Ìyọ̀ǹda àyẹ̀wò èéfín fún ọkọ̀ tí kì í rìn púpọ̀ jẹ́ ètò kan ní àwọn ìpínlẹ̀ kan lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà. Nípasẹ̀ rẹ̀, ẹni tó ni ọkọ̀ lè tún ìforúkọsílẹ̀ ọkọ̀ rẹ̀ ṣe bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọkọ̀ náà kùnà nínú àyẹ̀wò èéfín. A sábà máa ń dà á pọ̀ mọ́ àfikún àkókò tí wọ́n ń fún ẹni tí kò ní owó àtúnṣe, ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n ń wò yàtọ̀: èyí ń wo iye máìlì tí ọkọ̀ rìn, èkejì ń wo owó tó ń wọlé fún ẹni tó ni ín.

Ìpilẹ̀ nínú òfin

Òfin Afẹ́fẹ́ Mímọ́ ti ọdún 1970 ni ìpilẹ̀ ètò yìí. Àtúnṣe tí Ilé Aṣòfin Àpapọ̀ ṣe sí i ní 1977 ló mú àyẹ̀wò èéfín wọ àwọn agbègbè tí afẹ́fẹ́ wọn kò dé ojú ìwọ̀n. Àtúnṣe ti 1990, tí Ààrẹ George H. W. Bush fọwọ́ sí, mú kí àyẹ̀wò náà le sí i níbi tí ósóònù ti pọ̀ jù. Òfin yìí kan náà fàyè gba ìyọ̀ǹda fún ẹni tó bá ti ná ó kéré tán dọ́là 450 lórí àtúnṣe tó kan èéfín, iye tí ó ń lọ sókè bí ọjà bá ṣe ń wọ́n.

Àjọ tó ń dáàbò bo àyíká ní Amẹ́ríkà, tí a mọ̀ sí EPA, fi ààlà sí i. Ọkọ̀ gbọ́dọ̀ tún kùnà lẹ́yìn àtúnṣe kí ìyọ̀ǹda tó wáyé. Owó tí wọ́n ná láti tún ẹ̀rọ ìdènà èéfín tí ènìyàn mọ̀ọ́mọ̀ yọ tàbí bà jẹ́ ṣe kò sí nínú ìṣirò. Àwọn ìpínlẹ̀ tún lè fún ẹni tí ìnira owó bá ní àfikún àkókò, ṣùgbọ́n kò gbọdọ̀ ju àyè tó wà láàárín àyẹ̀wò kan sí èkejì lọ, ọkọ̀ náà sì gbọ́dọ̀ yege pátápátá kí ó tó lè rí òmíràn gbà.

Àpẹẹrẹ Texas

Ní Texas, àwọn káúńtì kan péré ni àyẹ̀wò èéfín ti jẹ́ dandan. Lára wọn ni Harris, níbi tí ìlú Houston wà, Dallas, Tarrant àti Travis. Ọkọ̀ tó ń lo epo bẹntiróòlù, tí ọjọ́ orí rẹ̀ wà láàárín ọdún 2 sí 24, ni wọ́n ń yẹ̀ wò lọ́dọọdún. Láti ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 2025, àyẹ̀wò ààbò fún ọkọ̀ tí kì í ṣe ti òwò ti kásẹ̀ nílẹ̀, ṣùgbọ́n àyẹ̀wò èéfín kò kúrò ní àwọn káúńtì wọ̀nyí. Lára àwọn ọ̀nà tó wà fún ẹni tí ọkọ̀ rẹ̀ kùnà ni:

• Ìyọ̀ǹda máìlì kékeré: ọkọ̀ náà ti kùnà lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n ti ná ó kéré tán dọ́là 100 lórí àtúnṣe èéfín, kò rìn tó máìlì 5,000 (nǹkan bí kìlómítà 8,000) ní sáà tó kọjá, kò sì jọ pé yóò rìn tó bẹ́ẹ̀ kí àyẹ̀wò mìíràn tó dé.

• Ìyọ̀ǹda ọkọ̀ kan ṣoṣo: kò sí ààlà máìlì, ṣùgbọ́n ní agbègbè Houston àti Dallas, owó àtúnṣe gbọ́dọ̀ tó dọ́là 600.

• Àfikún àkókò fún aláìní: ó wà fún ẹni tí owó tó ń wọlé fún un kò ju ìlà ìṣẹ́ tí ìjọba àpapọ̀ fi lélẹ̀ lọ.

Ní àwọn ìpínlẹ̀ mìíràn

Ní Maryland, ẹni tó ti pé ọmọ 70 ọdún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, tí ọkọ̀ rẹ̀ kì í rìn ju máìlì 5,000 lọ́dún, lè gba ìyọ̀ǹda. Ní Pennsylvania, ọkọ̀ tí kò rìn tó máìlì 5,000 láàárín oṣù 12, tí ó sì ti wà lọ́wọ́ ẹnì kan náà fún ọdún kan ó kéré tán, kò sí lábẹ́ àyẹ̀wò èéfín rárá.

Ìdí tí a fi ń wo máìlì

Iye èéfín tí ọkọ̀ ń tú sáfẹ́fẹ́ lọ́dún dúró lórí ohun méjì: èéfín tó ń jáde ní máìlì kọ̀ọ̀kan, àti iye máìlì tí ó rìn. Bí èéfín ọkọ̀ kan bá jẹ́ ìlọ́po méjì ti òmíràn ní máìlì kọ̀ọ̀kan, ṣùgbọ́n tí ó rin máìlì 3,000 nígbà tí èkejì rin 12,000, ìdajì èéfín èkejì ni yóò tú jáde lọ́dún náà.

Kì í ṣe gbogbo ọkọ̀ tó dúró pẹ́ ló nílò ìyọ̀ǹda. Fún ọkọ̀ tí wọ́n ṣe láti ọdún 1996, ohun tí kọ̀ǹpútà inú rẹ̀ kó jọ ni wọ́n máa ń kà nígbà àyẹ̀wò. Bí bátìrì bá kú, àkọsílẹ̀ náà lè parẹ́, ọkọ̀ náà kò sì ní lè yege títí kọ̀ǹpútà yóò fi tún yẹ ara rẹ̀ wò. Wíwa ọkọ̀ náà fún ọjọ́ mélòó kan ni ó sábà máa ń tán ìṣòro yìí.

Àríyànjiyàn

Ìyọ̀ǹda máìlì kékeré kò dé ọ̀dọ̀ gbogbo aláìní. Arúgbó tó ń wa ọkọ̀ lọ sí ọjà àti ilé ìjọsìn nìkan lè rí i gbà, ṣùgbọ́n òṣìṣẹ́ tí owó rẹ̀ kò tó nǹkan, tí ilé rẹ̀ sì jìnnà síbi iṣẹ́, tètè ń kọjá máìlì 5,000. Bí kò bá lè ná dọ́là 600, àfikún àkókò nìkan ló kù fún un, èyí tí ó sún gbèsè síwájú láìsan án. Texas ní ètò kan tẹ́lẹ̀ tó ń ran irú ẹni bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ láti tún ọkọ̀ ṣe tàbí láti pààrọ̀ rẹ̀, ṣùgbọ́n Gómìnà Greg Abbott yọ owó rẹ̀ kúrò nínú ìsúná ní 2017.

Ní ìdàkejì, èéfín ọkọ̀ wà lára ohun tí oòrùn ń sọ di ósóònù, ósóònù sì ń mú ikọ́ fée le sí i. Ìdí nìyí tí ìyọ̀ǹda ní Texas kò fi kọjá sáà àyẹ̀wò kan: bí sáà bá parí, ọkọ̀ náà gbọ́dọ̀ padà síbi àyẹ̀wò.