Èròjà àti Ọ̀nà Ìsè nínú Ìtàn Oúnjẹ Yorùbá: Ẹ̀kọ, Àkàrà àti Gàrí láti Ojú Ilé-Ifẹ̀

Ìfáàrà

Bí a bá ní kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ olùkọ́ni dárúkọ oúnjẹ ìbílẹ̀ Yorùbá, iyán, àmàlà, ẹ̀bà, ẹ̀kọ, àkàrà àti ọ̀ọ̀lẹ̀ ni ó sábà máa ń kọ́kọ́ jáde lẹ́nu wọn. Bí a bá tún bi wọ́n léèrè ohun tí ó sọ wọ́n di ti ìbílẹ̀, wọn a ní ilẹ̀ wa ni èròjà wọn ti ń hù láti ìgbà ìwáṣẹ̀. Ìdáhùn yìí kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Ilẹ̀ Amẹ́ríkà ni àgbàdo, ẹ̀gẹ́, ẹ̀pà, àti ata rodo pàápàá, ti ṣẹ̀ wá. Ẹ̀yìn ìrìn-àjò Columbus ní ọdún 1492 ni wọ́n tó lè dé etí òkun tiwa. Bí ó bá jẹ́ pé èròjà nìkan ni a ó máa wò, a ó yọ ẹ̀kọ àti ẹ̀bà kúrò nínú oúnjẹ Yorùbá, kò sì sí ẹni tí yóò gba èyí. Èrò tiwa ni pé ọ̀nà ìsè ni ó yẹ kí òpìtàn oúnjẹ máa tọpa rẹ̀.

Ẹ̀kọ àti ojú ṣùkù

Ẹni tí ó bá ti rìn dáadáa ní Ilé-Ifẹ̀ yóò ti rí àwókù ìkòkò tí àwọn ará àtijọ́ tò ní ìnàró sínú ilẹ̀ láti fi ṣe ojú àgbàlá àti ojú ọ̀nà. Ìtàn àtẹnudẹ́nu Ifẹ̀ sọ pé Ọọ̀ni obìnrin kan, Lúwòó, ni ó pàṣẹ rẹ̀. Ní ọdún 1953, A. J. H. Goodwin ṣàkíyèsí pé a ti yí ṣùkù àgbàdo lé ara àwọn kan nínú irú àwókù bẹ́ẹ̀ nígbà tí amọ̀ wọn ṣì tútù, kí ọnà lè hàn lára wọn. M. D. W. Jeffreys di èyí mú gẹ́gẹ́ bí ẹ̀rí pé àgbàdo ti dé ọ̀dọ̀ wa kí Columbus tó gbéra. Frank Willett náà gbé ọ̀rọ̀ náà yẹ̀ wò nínú àpilẹ̀kọ rẹ̀ ti ọdún 1962. Ọ̀pọ̀ awalẹ̀pìtàn lónìí ti yí ọ̀rọ̀ náà po: bí wọ́n bá rí ojú ṣùkù lára ìkòkò, àmì ni wọ́n ń kà á sí pé ìkòkò náà kò dàgbà ju ọ̀rúndún kẹrìndínlógún lọ.

Ìbéèrè tí ó kàn wá jù ni ohun tí àwọn obìnrin Ifẹ̀ fi ń ṣe ògì kí àgbàdo tó dé. Ọkà bàbà ni a rò pé ó jẹ́. Àwọn kan ṣì ń fi í ṣe ògì pupa. Àwọn ẹ̀ka-èdè Yorùbá kan tilẹ̀ ń pe àgbàdo ní ọkà, bí ẹni tí ó fi orúkọ onílé sọ àlejò. Ẹ wo bí a ti ń ṣe é: a ó rẹ ẹ́ fún bí ọjọ́ méjì tàbí mẹ́ta, a ó lọ̀ ọ́, a ó sẹ́ ẹ, a ó jẹ́ kí ó silẹ̀ kí ó sì kan, a ó da omi ògì kúrò lórí rẹ̀, a ó rò ó lórí iná, a ó sì pọ́n ọn sínú ewé. Kò sí ìgbésẹ̀ kan nínú ìwọ̀nyí tí a kò lè fi ọkà bàbà ṣe. Àgbàdo kàn bọ́ sínú ìkòkò tí ó ti wà lórí iná ni.

Òwe kan tí gbogbo wa mọ̀ fi iyán ṣe oúnjẹ, ó fi ọkà ṣe oògùn, ó fi ẹ̀kọ sí ìgbà àìrí rárá, ó sì fi gúgúrú sí ìgbà tí a kò fẹ́ kí ẹnu dilẹ̀. Gúgúrú wà níbẹ̀, nítorí náà ẹ̀yìn ìgbà tí àgbàdo dé ni òwe náà rí ìrísí tí a mọ̀ ọ́n sí. Gàrí kò sí níbẹ̀. Ó jọ wá lójú pé a dá òwe yìí kí gàrí tó di oúnjẹ gbogbo ilé. Àbá ni èyí, ṣùgbọ́n àbá tí olùkọ́ lè gbé síwájú kíláàsì rẹ̀ ni.

Àkàrà lẹ́yìn òkun

Ti àkàrà yàtọ̀, nítorí ilẹ̀ Áfíríkà ni ẹ̀wà rẹ̀ ti ṣẹ̀. Ẹni tí ó bá ń ti Ifẹ̀ lọ sí Iléṣà kò ní ṣàì mọ àkàrà Òṣú tí wọ́n ń dín lẹ́bàá ọ̀nà. A ó rẹ ẹ̀wà, a ó bó èèpo rẹ̀, a ó lọ̀ ọ́ pẹ̀lú ata àti àlùbọ́sà láìjẹ́ kí omi pọ̀ jù, a ó lù ú títí yóò fi wú tí yóò sì fúyẹ́, kí a tó máa dá a sínú epo gbígbóná. Bí a kò bá lù ú tó, yóò le bí òkúta. Bí a bá pọ́n irú ẹ̀wà lílọ̀ kan náà sínú ewé tí a sè é, ó di ọ̀ọ̀lẹ̀.

Àwọn tí a kó lẹ́rú kọjá òkun gbé ọ̀nà yìí dé Bahia ní ilẹ̀ Bùràsíìlì. Wọ́n ń pe àkàrà ní acarajé níbẹ̀, wọ́n ń pe ti inú ewé ní abará, wọ́n sì ń pe ẹ̀kọ inú ewé ní acaçá. Manuel Querino, ọmọ Bahia tí ó kú ní ọdún 1923, ti ṣe àkọsílẹ̀ bí wọ́n ṣe ń sè wọ́n nínú ìwé rẹ̀ lórí oúnjẹ Bahia tí ó jáde ní ọdún 1928. Epo pupa ni wọ́n fi ń dín tiwọn títí di òní, nígbà tí òróró ti gba ipò epo pupa nínú ọ̀pọ̀ agbada nílé. Ní ọdún 2005, ìjọba Bùràsíìlì forúkọ iṣẹ́ àwọn obìnrin alákàrà Bahia sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ogún àṣà orílẹ̀-èdè náà.

Gàrí: èròjà tí ó ṣáájú ọ̀nà ìsè rẹ̀

Gàrí ni ó fi ìdí àlàyé wa múlẹ̀ jù lọ. Àwọn Potogí ti gbé ẹ̀gẹ́ dé etí òkun Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà tipẹ́tipẹ́, síbẹ̀ kò tètè tàn kálẹ̀ láàárín wa gẹ́gẹ́ bí oúnjẹ. Oró wà nínú ẹ̀gẹ́, pàápàá èyí tí ó korò. Ẹni tí kò bá mọ bí a ti ń ṣe é, ikú ni ó gbìn. Àwọn Àgùdà tí wọ́n ń padà bọ̀ láti Bùràsíìlì, tí wọ́n pọ̀ sí i lẹ́yìn ọ̀tẹ̀ ọdún 1835 ní Bahia, wà lára àwọn tí ó mú ìmọ̀ náà wálé: kí a rin ẹ̀gẹ́, kí a dì í sínú àpò, kí a gbé òkúta lé e títí omi olóró rẹ̀ yóò fi ro dànù, kí a kù ú, kí a sì yan án. Ìgbà náà ni ẹ̀gẹ́ tó di gàrí. Ìyàtọ̀ kan wà tí kò yẹ kí a fojú fò: gàrí tiwa a máa kan nínú àpò kí a tó yan án, irú kíkan tí a mọ̀ mọ́ ògì.

Àkọsílẹ̀

Láàárín àwọn ọdún 1930 ni J. A. Mars àti E. M. Tooleyo ṣe ìwé oúnjẹ Yorùbá tí a fi orúkọ Kúdẹtì ní Ìbàdàn pè, tí ilé ìtàwé CMS ní Èkó sì tẹ̀ jáde. Ilé-ẹ̀kọ́ àwọn ọmọbìnrin ni Kúdẹtì, òun ni ó di St. Anne's lẹ́yìn náà. Iṣẹ́ ńlá ni wọ́n ṣe, ṣùgbọ́n èdè Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi kọ ọ́. Ọ̀rọ̀ bíi bó, sẹ́, silẹ̀, kù àti lù kò sì rí ibùjókòó níbẹ̀. Àwọn ọ̀rọ̀-ìṣe wọ̀nyí gan-an ni ọ̀nà ìsè tí a ń sọ. Ìyá alákàrà kì í wọn iyọ̀. Ẹ̀kúnwọ́ ni, tàbí ìbù méjì, ojú àti etí rẹ̀ ni ó sì fi ń mọ̀ bóyá epo ti gbóná tó. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá fẹ́ kọ èyí sílẹ̀ ní láti gbé kóńgò àti aago lọ sí ìdí agbada kí ilẹ̀ tó mọ́, kí ó wọn ẹ̀wà kí ìyá tó rẹ ẹ́, kí ó sì kọ ọ̀rọ̀ tí ìyá náà fi pe ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan bí ó ti jáde lẹ́nu rẹ̀, ní ẹ̀ka-èdè tirẹ̀.